Jànkárà, Sapara àti Ìdánwò Àgbo

Bí obìnrin bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Jànkárà, tó ní nǹkan oṣù òun ń ṣe ségesège, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ṣé ó ń fo oṣù ni, àbí ó ń dà jù? Ṣé kò sí oyún níbẹ̀? Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá ẹlẹ́wé yóò tó ṣa ẹ̀ẹ́rù, àìdan, àlùbọ́sà eléwé àti kànáfùrù jọ, tí yóò sì sọ bóyá omi lásán ni kí wọ́n fi rẹ ẹ́ tàbí omidùn. Àwọn tó ń ta àgbo inú ike lóde òní ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún ìpolówó: wọ́n ní antioxidant inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń dènà ìbàjẹ́ nínú ara, ló ń tún họ́mọ̀nù ṣe. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ló gbé ìmọ̀ ewé níyì. Ìtàn Èkó fi hàn pé ìdánwò ló gbé e níyì, òun náà ló sì yẹ ká tẹra mọ́.

Erékùṣù ni Èkó, kò ní igbó tó lè bọ́ ọjà ewé. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù Ìjẹ̀bú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wá sí Ẹ̀búté Èrò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró láti Freetown àti àwọn Àgùdà láti Brazil wá bá Àwórì, Ìjẹ̀bú àti Ègùn nílẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ohun tó mọ̀. Kànáfùrù gan-an kì í hù nínú igbó wa. Òwò ọ̀nà jíjìn ló gbé e dé, ó sì ti di ara àgbo. Ìmọ̀ tó gba àlejò báyìí kì í ṣe àkọ́sórí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹni tó fi èyí hàn jù lọ ni Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Sàró tí wọ́n bí ní 1861, tó kọ́ ìṣègùn ní Britain kó tó wá ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Èkó. Ó jókòó ti àwọn oníṣègùn, ó kọ́ ewé wọn, ó sì fi tọ́jú aláìsàn. Síbẹ̀, òun yìí kan náà ló yọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀nná, tó sì tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń tan àrùn ṣọ̀pọ̀nná kálẹ̀, títí ìjọba fi fòfin dè wọ́n. Ọ̀wọ̀ tó ní fún ewé kò di ojú rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní àwọn ìyá wa kò mọ họ́mọ̀nù, pé ìméfò lásán ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n 1905 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Starling ní London ṣẹ̀ṣẹ̀ fún họ́mọ̀nù lórúkọ, 1921 ni wọ́n rí insulin, họ́mọ̀nù tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ti ń tọ́jú àtọ̀gbẹ tipẹ́. Àkíyèsí máa ń ṣáájú orúkọ. Ẹlòmíràn á ní sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí àgbo báyìí. Òótọ́ ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti fi eku ṣèwádìí kolaviron inú orógbó, wọ́n sì rí i pé antioxidant ni. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe obìnrin. Ní Finland, wọ́n fún àwọn tó ń mu sìgá ní beta-carotene, antioxidant tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí i láàárín wọn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn àìsàn tó kan họ́mọ̀nù, bí àtọ̀gbẹ, gẹ̀gẹ̀ àti nǹkan oṣù tó dàrú, kò ní orísun kan náà. Ìpolówó tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wo gbogbo wọn kò gbọ́n tó ìyá tó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní 1980, ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ oníṣègùn ni ìforúkọsílẹ̀ ń gbà. Kò dán oògùn rẹ̀ wò. Kódà, lára ọ̀pọ̀ ike àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùtajà ń sọ wò. Iṣẹ́ tí Sapara bẹ̀rẹ̀ ló kù: kí onímọ̀ jókòó ti ẹlẹ́wé, kí wọ́n kọ ìwọ̀n sílẹ̀, kí wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin tó gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tẹ èyí tí kò ṣiṣẹ́ jáde bí wọ́n ṣe ń tẹ èyí tó ṣiṣẹ́.