Ìran Washington: Láti Sulgrave dé Virginia

Ní ọdún 1792, George Washington, Ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fèsì ìwé kan tí Sir Isaac Heard kọ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ Heard ni láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìran àwọn ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ mọ orírun àwọn baba ńlá Washington. Èsì Ààrẹ ni pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ọ̀ràn náà rí. Òun gbọ́ pé ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n òun kò rántí àgbègbè náà gan-an. Ẹ wò ó: John bí Lawrence, Lawrence bí Augustine, Augustine bí George ní 1732. Ìran mẹ́rin péré ti tó láti sọ orírun di ìgbàgbé.

Ti Virginia kò ṣòro. Ọkọ̀ òkun tí ń jẹ́ Sea Horse ni John bá dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1656 sí 1657. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sórí iyanrìn nínú odò Potomac, John sì dúró sí ilẹ̀ náà. Ó fẹ́ Anne, ọmọ Nathaniel Pope, àna rẹ̀ sì fún wọn ní ilẹ̀ 700 éékà. Ibi tí ilẹ̀ bá wà, ìwé kì í wọ́n níbẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Heard tọ ipasẹ̀ ìdílé náà dé Sulgrave ní Northamptonshire, níbi tí Lawrence Washington kan, oníṣòwò irun àgùntàn, ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba ní 1539. Láàrin àtọmọdọ́mọ rẹ̀, Heard rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, John àti Lawrence. Orúkọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó lọ sí Virginia náà nìyí, ó sì so wọ́n pọ̀. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn ènìyàn fi gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 1866 ni Joseph Lemuel Chester fi hàn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀: John ti Heard jẹ oyè Sir, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì gbé, àlùfáà sì ni Lawrence.

Ìwé ìhágún ọkùnrin kan tí kò lókìkí ni ó tú kókó náà. Ní Tring, ní Hertfordshire, Andrew Knowling ṣe ìwé ìhágún ní 1650. Ó fi ilẹ̀ rẹ̀ fún Lawrence Washington, ọmọ ìsàmì rẹ̀, ó sì dárúkọ Amphillis, ìyá ọmọ náà, àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: John, William, Elizabeth, Margaret àti Martha. Nínú ìwé ìhágún ti John, èyí tí ó ṣe ní Virginia ní 1675, ó fi owó sílẹ̀ fún Martha, arábìnrin rẹ̀. Ìwé ìsàmì ìjọ Tring pàápàá ní orúkọ Lawrence ọmọ Lawrence fún 1635. Henry FitzGilbert Waters ni ó kó ẹ̀rí wọ̀nyí jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1889.

Ta wá ni bàbá wọn? Àlùfáà Lawrence tí Heard ti sọ di ará Virginia ni! Heard kò ṣi ilé; ìran kan ni ó fò, tí ó fi sọ bàbá di ọmọ. Àlùfáà yìí ń ṣe olórí ìjọ Purleigh ní Essex kí àwọn ará Ilé Aṣòfin tó lé e kúrò ní 1643 lórí ẹ̀sùn ọtí mímu. Ogun abẹ́lé ń jà nígbà náà, ẹ̀yìn ọba ni ó sì wà. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbà láìwádìí. Ìtálákà tí ó bá ìdílé náà lẹ́yìn èyí lè wà lára ohun tí ó ti John sójú òkun.

Ìwé tí ó pa ìran Washington mọ́ kò ṣe ojúrere kan náà fún àwọn tí ń ro oko wọn. Ní 1799, George ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú tí ó wà ní Mount Vernon, 317 ènìyàn. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ní níbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọkọ tàbí aya, tàbí ìyá tí ó bí wọn. Kò sí ìwé ìsàmì Tring fún àwọn wọ̀nyí. Nínú ìkànìyàn ti 1850 àti 1860, ọjọ́ orí àwọn ẹrú, àwọ̀ wọn, àti bóyá akọ tàbí abo ni wọ́n, ni ìjọba kọ sábẹ́ orúkọ olówó wọn; ìkànìyàn ti 1870 ni ó kọ́kọ́ dárúkọ gbogbo àwọn tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú.