Kílójúùlù Méje Tó Sọnù

Akẹ́kọ̀ọ́ kan pàdánù máàkì lọ́wọ́ mi rí nítorí pé ó kọ ohun tó rí. Ẹ̀yin tí ẹ gba láàbù mi kọjá, ẹ ó rántí iṣẹ́ náà: ẹ da 50 mílílítà hydrochloric acid sínú kọ́ọ̀bù fóòmù, ẹ da iye kan náà sodium hydroxide lé e, agbára àwọn méjèèjì jẹ́ móòlù kan nínú lítà kan, kí ẹ wá wo ibi tí tẹmómítà máa gùn dé. Ìwé sọ pé nǹkan bí kílójúùlù 57 fún móòlù kan ló yẹ kó jáde. Gbogbo kíláàsì kọ 57. Òun nìkan kọ 50, torí pé dígírì 6 péré ni tẹmómítà tirẹ̀ fi gòkè. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ohun tí mo rí nìyẹn, sà." Mo ṣáà fi bírò pupa fa ìlà sí i.

Ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ wọn ooru ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣìṣe.

Ní nǹkan bí ọdún 1761, Joseph Black, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow, gbé ìgò rìbìtì méjì sínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Áúnsì 5 omi ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ di yìnyín; ìkejì tutù gan-an, ṣùgbọ́n kò dì. Gbọ̀ngàn ọ̀hún wà ní dígírì 47 ti Fahrenheit. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi ti gòkè láti 33 dé 40. Yìnyín ńkọ́? Wákàtí 10 àbọ̀ ló lò kó tó yọ́ tán, kí omi rẹ̀ sì tó dé 40 yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, afẹ́fẹ́ kan náà ló yí àwọn méjèèjì ká. Níbo wá ni ooru gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn wọlé sí, tí tẹmómítà kò fi rí i? Black ní inú yíyọ́ yìnyín ló sá pamọ́ sí. Ó ṣírò rẹ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, lọ́nà 7, jẹ́ 147, yọ 8 tó fi mú omi yẹn gbóná, ó ku 139. Ti òde òní jẹ́ nǹkan bí 144. Ìgò méjì àti sùúrù ló fi ṣe é o! (Ẹni tó bá ti dáná rí náà mọ irú rẹ̀: omi tó ti ń hó, bó o ti ń kó igi sí i tó, kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á kàn máa gbẹ ni.)

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ìgbà òtútù 1782 sí 1783, Antoine Lavoisier àti Pierre-Simon Laplace gbé tiwọn kalẹ̀ ní Paris. Ohun tí wọ́n fẹ́ wọn wà nínú apẹ̀rẹ̀ wáyà láàárín gbùngbùn. Yìnyín yí i ká. Yìnyín mìíràn tún wà lóde, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gba ooru inú yàrá kó má bàa dé inú. Omi tó bá ṣàn látinú yìnyín tààárín ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Lavoisier ló pe ẹ̀rọ yìí ní calorimeter nínú ìwé rẹ̀ tọdún 1789.

Wọ́n fi guinea pig, ẹranko kékeré kan tó jọ òkété tí kò nírù, sínú rẹ̀ fún wákàtí 10. Áúnsì 13 yìnyín ló yọ́. Wọ́n wá jó èédú, wọ́n sì ṣírò iye yìnyín tí yóò yọ́ bí èédú bá mú ìwọ̀n carbon dioxide kan náà jáde tí ẹranko yẹn ń mí síta: nǹkan bí áúnsì 10 àbọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé mímí jẹ́ irú jíjó kan, pé iná kékeré ló wà nínú ara. Ẹni tó ní irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu á fẹ́ kí 13 àti 10 àbọ̀ bára mu. Wọn kò fọwọ́ rọ́ ọ. Wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀: ẹsẹ̀ ẹranko náà tutù nínú yìnyín, ọ̀rinrin èémí rẹ̀ náà sì yọ́ díẹ̀. Àlàyé yẹn kò tán. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Lavoisier wá sọ pé kì í ṣe carbon nìkan là ń jó nínú ara, hydrogen náà wà níbẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni ọ̀rọ̀ hydrogen ti wà látilẹ̀.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí dáadáa, mo dúró nínú láàbù lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ, mo mú kọ́ọ̀bù fóòmù kan, mo da ásíìdì àti áákálì náà pọ̀ fúnra mi. Fáànù ń yí lókè orí mi. 51 ni mo rí.

Mo dá máàkì ọmọ náà padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní kí gbogbo kíláàsì ṣàlàyé fún mi ibi tí kílójúùlù méje gbà lọ. Àwọn tó kọ 57 kò rí nǹkan kan sọ.