Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Ẹpa, Tó Tún Gbẹ́ Ìbí Jésù

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ilé díẹ̀ lónìí, ìtàn agbègbè tiwa níbí, láti Odò-Ọwá dé Òsì.

Odò-Ọwá ni Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ti wá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń wa rólà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tí Ọlọ́run pè lọ́dún 1928, tí ìsọjí sì bẹ́ sílẹ̀ l'Ókè-Oòyè, n'Íléṣà, lọ́dún 1930. Àwọn èèyàn kó ère àti oògùn jáde, wọ́n dáná sun wọ́n. A ò kábàámọ̀ ìyẹn o. Ẹni tí òrìṣà ti so mọ́lẹ̀ rí ló mọ ohun tí iná yẹn tú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Odò-Ọwá yìí kan náà ni ìlú Bámigbóyè, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ère Ẹpa láyé ìgbà náà. Ìlú kan náà, ìgbà kan náà! Ọ̀kan ń wàásù pé kí wọ́n kó ère dànù, èkejì ń gbẹ́ ẹ. A kì í sábà dárúkọ àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní Òsì ńkọ́? Àreògún ni baba àwọn agbẹ́gilére níbẹ̀. Ó gbẹ́ ère Ẹpa, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin. Bándélé, ọmọ rẹ̀, jogún iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1947, àlùfáà Àgùdà kan, Fada Kevin Carroll, bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì pe Bándélé wá. Wọ́n ń gbẹ́gi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń sin ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ fún ìlò ilé ìjọsìn. Bándélé gbẹ́ ìbí Jésù bí ọmọ Yorùbá ṣe ń gbẹ́gi. Aṣọ ọba ilẹ̀ wa ló wọ̀ fún àwọn amòye.

Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni. Òun náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Àgùdà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí ibi iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ fi parí lọ́dún 1954, ọ̀nà ti là.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa á sọ pé, "Pásítọ̀, ti Àgùdà nìyẹn, àwọn ló ń lo ère." Ó dáa. Ṣebí àwa náà ń wo fíìmù Mount Zion, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985? Ṣebí a máa ń rí babaláwo níbẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́, tí a ó sì ké Halelúyà nígbà tó bá gba Jésù? A gbà kí òṣèré fi ara rẹ̀ sọ ìtàn. Igi nìkan la kórìíra. Bẹ́ẹ̀, nínú Ẹ́kísódù 31, Besaleli ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi Ẹ̀mí kún fún iṣẹ́ ọnà, igi gbígbẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Àwòrán Jésù onírun gígùn tí a rà lọ́jà, tí a so mọ́ ògiri pálọ̀, ta ló yà á?

Ọmọ Òsì kan wà lónìí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ igi gbẹ́, tó sì di àtúnbí. Ẹ má sọ fún un pé kó sun ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ wá iṣẹ́ fún un. Pẹpẹ tí a fi ń wàásù nínú ìjọ wa, páákó lásán ni.