Iṣẹ́ Túlàásì àti Iṣẹ́ Tí A Fẹ́

 Ní ọdún 1936 ni ojú irin láti Kútọnu dé Párákù. Ó gùn tó kìlómítà 438. Nígbà náà, ìjọba Faransé ń fi túlàásì kó àwọn ará abúlé lọ síbi iṣẹ́. Ta ni inú rẹ̀ yóò dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọdún 1946 ni òfin fi òpin sí i.

Ojú irin kò kọjá Párákù. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé ẹrù lọ sí ilẹ̀ Niger. Aláàárù, awakọ̀ àti ìyá olóúnjẹ rí iṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ wọn le, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ di tiwọn.

Ẹ bi àwọn àgbà yín: kí ni bàbá wọn sọ nípa túlàásì? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.