Dermatitis: Ara Yíyún Tí Kì Í Ràn

Dermatitis ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àrùn tí ń mú kí awọ ara wú, kí ó gbẹ, kí ó máa bó, kí ó sì máa yún ni. Ọ̀pọ̀ a máa kà á sí làpálàpá tàbí kúrúnà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni. Àwọn wọ̀nyẹn a máa ràn. Dermatitis kì í ràn. Nítorí náà, kò yẹ kí a ta kété sí ọmọ tí ó ní i, yálà nílé tàbí nílé ìjọsìn.

Irú rẹ̀ àti ohun tí ń fà á

Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni eczema, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5, pàápàá ní ìdílé tí asíímà wà. Inú ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún ni ó máa ń mú. Ọyẹ́ a sì máa mú un le sí i. Èkejì ni èyí tí ohun tí ó kan ara ń fà: símẹ́ǹtì lọ́wọ́ bíríkìlà, ọṣẹ ìfọṣọ, yẹtí olówó pọ́ọ́kú, aró irun. Ẹ̀kẹta a máa mú orí àti ẹ̀gbẹ́ imú. Ó sì máa ń le púpọ̀ lára ẹni tí ó ní kòkòrò HIV.

Àyẹ̀wò

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí ń fi í hàn. Dókítà yóò wo ara, yóò sì béèrè nípa ìdílé, iṣẹ́ àti ọṣẹ ẹni. Lára àwa adúláwọ̀, ojú ibẹ̀ lè dúdú tàbí kí ó rí bí eérú dípò kí ó pọ́n. Dókítà lè ha ojú ibẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá làpálàpá ni, tàbí kí ó lẹ àwọn nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn fún wákàtí 48 láti mọ èyí tí ara rẹ̀ kọ̀.

Ìtọ́jú

Kí a yàgò fún ohun tí ń fà á, kí a sì fi òrí tàbí Vaseline pa ara ní kété tí a bá wẹ̀ tán. Dókítà lè fún ni ní ìpara steroid fún ìwọ̀nba ọjọ́.

Ewu wà nínú ìpara tí a ń dédé rà lọ́jà, pàápàá ìpara ìbóra, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ní steroid líle bíi clobetasol nínú. Yíyún a rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ làpálàpá ni, a máa tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí a bá lò ó pẹ́, awọ ara a fẹ́lẹ́.

Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣomi, tí ibà dé, tàbí tí yíyún kò jẹ́ kí a sùn, kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó-Èkìtì; ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Kí a mú gbogbo ìpara tí a ti ń lò dání, kí dókítà lè rí wọn.