Òjò Dídì Nínú Àwòrán Impressionism: Àwọ̀, Ìmọ́lẹ̀ àti Èdè Yorùbá

Impressionism ni orúkọ ọ̀nà àwòrán kíkùn kan tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé láàárín ọdún 1860 sí 1890. Claude Monet, Camille Pissarro àti Alfred Sisley wà lára àwọn tí ó léwájú nínú kíkun àwòrán ilẹ̀ àti odò. Wọn a gbé irinṣẹ́ wọn lọ sí etí odò, inú oko àti ojú ọ̀nà, wọn a sì kun ohun tí ojú rí kí ìmọ́lẹ̀ tó yí padà. Ọ̀dà inú túùbù, tí John Goffe Rand ṣe ní ọdún 1841, ni ó mú iṣẹ́ ìta gbangba yìí rọrùn.

Ìgbà òtútù ni ó dán ojú wọn wò jù. Nínú La Pie (1868–1869), iṣẹ́ Monet, ẹyẹ kan bà lé ìlẹ̀kùn ọgbà, òjò dídì sì bo ilẹ̀. Òjìji ọgbà náà kò dúdú. Àwọ̀ aró ni ó ní. Ìgbìmọ̀ Salon ti ìlú Paris kọ àwòrán náà ní ọdún 1869. Ní ọdún 1874, àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí ṣe àfihàn tiwọn. Alámèyítọ́ Louis Leroy fi Gelée blanche, àwòrán ìrì dídì tí Pissarro kùn, ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ara àkọlé iṣẹ́ Monet kan, Impression, soleil levant, ni ó sì ti fa orúkọ Impressionism yọ.

Kí ló fa ìkọ̀sílẹ̀ yìí? Orúkọ àwọ̀ ti jọba lórí ojú àwọn òǹwòran: wọ́n gbà pé funfun ni òjò dídì, ó sì parí. Àwa náà lè kó sínú pańpẹ́ yìí. Nínú Bíbélì Yorùbá, Àìsáyà 1:18, òjò dídì ni òṣùwọ̀n ohun funfun. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fẹ̀ ni funfun, dúdú àti pupa; àwọn aláró wa ní èyí tí ó ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àyìnrín.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró ní Tina Junction, ní ìlú Jos, lówùúrọ̀ ọyẹ́ yóò rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú náà ga tó nǹkan bí mítà 1,200, òtútù ibẹ̀ sì ń mú; yìnyín lè bọ́ nígbà òjò, ṣùgbọ́n òjò dídì kì í rọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, òkè olókùúta tí ó dúdú nígbà òjò a di àyìnrín lókèèrè nínú ọyẹ́. Òkè náà kò yí padà. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni ó yí padà. Ohun tí Monet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kùn gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tí yóò fi Yorùbá ṣe àpèjúwe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀? Àwọ̀ wo ni òjìji ní? Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó wá orúkọ.