Ẹni Tí Wọ́n Ṣẹ̀ Tó Fẹ́ Gbẹ̀san: Láti Orí Medea Dé Orí Gbọ̀ǹkáà

Ní ọdún 431 ṣáájú ìbí Jésù, níbi àjọ̀dún òrìṣà Dionysus ní Áténì, àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta gbé eré wá síbi ìdíje. Euripides ló ṣe ẹ̀yìn wọn. Ọ̀kan nínú eré tó gbé wá ni Medea, wọ́n sì ń ṣe é lórí ìtàgé títí dòní.

Medea da bàbá rẹ̀ nítorí Jason, ó tẹ̀ lé e kúrò ní Colchis, ó bí ọmọkùnrin méjì fún un. Nígbà tí wọ́n dé Kọ́ríńtì, Jason lọ fẹ́ ọmọ Creon ọba. Ta ni Medea fẹ́ fẹjọ́ sùn? Obìnrin ni, àjèjì ni, ọba ìlú gan-an ló sì di àna ọkọ rẹ̀. Creon ní kó jáde nílùú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọjọ́ kan péré, ọba gbà. Ọjọ́ kan náà tó o ṣe gbogbo rẹ̀: ó di aṣọ àti adé olóró fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e fún ìyàwó tuntun, iná jó ìyàwó pa, bàbá tó dì mọ́ ọn bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

Hieronimo kò ṣàìní ilé ẹjọ́ ní tirẹ̀. Adájọ́ ni, láàfin ọba Sípéènì, nínú The Spanish Tragedy tí Thomas Kyd kọ ní London, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1592. Wọ́n pa Horatio ọmọ rẹ̀, wọ́n so ó rọ̀ sínú ọgbà bàbá rẹ̀. Ọmọ àbúrò ọba wà nínú àwọn tó pa á, òun náà ló sì ń dínà kí igbe Hieronimo má dé etí ọba.

Ìran kan wà níbẹ̀ tó ká ni lára púpọ̀. Àwọn ará ìlú kó ìwé ẹ̀sùn wá bá adájọ́ yìí. Bàbá arúgbó kan dá dúró láàrin wọn, ó ń sunkún, nítorí wọ́n pa ọmọ tirẹ̀ náà. Hieronimo fa aṣọ ìnujú yọ kí arúgbó fi nu omijé, àfi bó ṣe jẹ́ pé aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ Horatio ló fà yọ. Bí orí rẹ̀ ṣe dàrú nìyẹn, tó ń fi eyín fa ìwé ẹ̀sùn àwọn tó kù ya. Nígbẹ̀yìn, ó gbé eré kalẹ̀ níwájú ọba, ọ̀bẹ inú eré náà sì jẹ́ ọ̀bẹ gidi. Iwin òkú, ọ̀rọ̀ wèrè, eré nínú eré: Kyd ti lò wọ́n kí Shakespeare tó kọ Hamlet tí a mọ̀ yìí.

Shylock ló ṣeni láàánú jù, nítorí òun ló gbẹ́kẹ̀ lé òfin. Nínú The Merchant of Venice, tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1596, Antonio oníṣòwò a máa tutọ́ sí Júù yìí lára, a sì máa pè é lájá. Nígbà tí Antonio kò rí gbèsè dúkátì 3,000 san, Shylock gbé ìwé àdéhùn tó fún un láyè láti gé ẹran ara Antonio lọ sí kóòtù, ó ń pọ́n ọ̀bẹ lára àtẹ́lẹ̀ṣẹ̀ bàtà rẹ̀. Portia, tó múra bí amòfin, ní kó gé ẹran ara tó wọn pọ́ùn kan, àmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má kán. Shylock pàdánù ohun ìní, wọ́n tún fipá sọ ọ́ di Kristẹni. Ó pẹ́ tí àwọn òṣèré ti ń fi í ṣe ẹlẹ́yà kí Edmund Kean tó gbé e jáde ní 1814 bí ẹni tí ìyà jẹ.

Nílẹ̀ Yorùbá, Gbọ̀ǹkáà jagunjagun wà nínú Ọba Kò So tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, tó sì dé Berlin ní 1964. Ó mú Tìmì, jagunjagun bíi tirẹ̀, wá láti Ẹdẹ bí Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́ ṣe rán an. Ọba tún ní kí àwọn méjèèjì jà. Ó pa Tìmì, ó wá kọjú sí ọba. Ọba tí ì bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀san rẹ̀ sì lé ọba kúrò lórí ìtẹ́. Ohun tí kò sí nínú eré Euripides, Kyd tàbí Shakespeare ni pé ọba tí wọ́n gbẹ̀san lára rẹ̀ yìí ló di òrìṣà.